Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n láàárọ̀ nìkan: Ìdí tí mẹkáníìkì kì í fi rí àrùn rẹ̀, àti bí ẹ ṣe lè mú un

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní agbègbè iléeṣẹ́ Yopougon, tí wọ́n ń pè ní Zone industrielle, nílùú Abidjan, ọkọ̀ ti máa ń pọ̀ lójú títì. Àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wọṣẹ́ òwúrọ̀ ń sáré wọ gbàkà, ìyẹn bọ́ọ̀sì akérò kéékèèké. Àwọn mìíràn ń wọ wôrô-wôrô, ìyẹn takisí tí èrò máa ń jọ wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ń wọlé, tó ń jáde.

Yopougon ló ní èrò jù lọ nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Abidjan. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Àwọn Yorùbá náà kò gbẹ́yìn ní Abidjan, pàápàá jù lọ àwọn ọmọ Ẹjìgbò láti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí àwọn ará ìlú náà mọ̀ sí Ànàgó.

Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun nírú ibi báyìí, ọkọ̀ tó bá ń gbọ̀n láàárọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Awakọ̀ ní iye tó gbọ́dọ̀ kó fún ẹni tó ni ọkọ̀ lójoojúmọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní recette ní Abidjan. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá sùn sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kò sí owó lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n àìsàn ọkọ̀ yìí ní ẹ̀tàn kan nínú. Ẹ ṣíná sí ọkọ̀ láàárọ̀, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ó fẹ́ kú, kò kú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2 tàbí 3, ara rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tí ẹ ó fi la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ́ńjìnì ti gbóná, kò sí ohunkóhun tó ń ṣe é mọ́.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò gan-an nìyẹn. Mẹkáníìkì kò rí àìsàn náà, ó wá ń méfò. Wọ́n á ra pọ́lọ́ọ̀gì, kò lọ. Wọ́n á ra fúẹ̀lì pọ́ǹpù, kò lọ. Wọ́n á ra sẹ́ńsọ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ tún gbọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Gbígbọ̀n yìí nídìí, a sì lè mọ ìdí rẹ̀ bí a bá yẹ ọkọ̀ wò ní àkókò tí àìsàn náà wà lára rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì láàárọ̀?

Bí a bá ní ẹ́ńjìnì tutù, kì í ṣe pé ojú ọjọ́ tutù là ń sọ. Ní Abidjan tàbí Èkó, ooru àárọ̀ kùtùkùtù lè jẹ́ bíi ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n bíi 90 ni ẹ́ńjìnì ti máa ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Nítorí náà, ẹ́ńjìnì tó sùn mọ́jú, òtútù ṣì wà lára rẹ̀, ì báà jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bẹtiróòlù kì í tètè di ooru nínú ẹ́ńjìnì tó tutù. Ara irin ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, fi máa ń fi epo kún èyí tó ń fín sínú ẹ́ńjìnì ní àárọ̀. Ó tún máa ń mú kí ẹ́ńjìnì sáré díẹ̀, bíi 1,200 yíyí láàárín ìṣẹ́jú kan, kó tó wálẹ̀ sí bíi 750 nígbà tí ara rẹ̀ bá ti gbóná.

Ohun kejì ni pé sẹ́ńsọ̀ tó ń wo èéfín tó ń jáde, kó lè sọ fún kọ̀ǹpútà bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré jù, kì í ṣiṣẹ́ àfi tó bá gbóná dé bíi ìwọ̀n 300. Kí ó tó gbóná, kọ̀ǹpútà kò rí ẹni bi. Ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀lé.

Ìdí nìyí tí àbùkù kékeré fi máa ń hàn láàárọ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, sẹ́ńsọ̀ yóò jí, kọ̀ǹpútà yóò ṣàtúnṣe, àbùkù náà yóò sì farapamọ́. Kò tíì lọ o, wọ́n kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ tún wo ìṣirò yìí. Ẹ́ńjìnì tó ní sìlíńdà 4, tó ń yí ní ìgbà 750 láàárín ìṣẹ́jú kan, ń jó epo ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí sìlíńdà kan kò bá jó, ẹ́ńjìnì yóò pàdánù nǹkan bíi ìgbà 6 nínú 25 yẹn. Ohun tí ara yín ń gbọ́ lórí àga nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè 6 yìí

Kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ mú bírò tàbí fóònù, kẹ́ ẹ sì kọ ìdáhùn àwọn ìbéèrè yìí sílẹ̀. Wọ́n wúlò fún mẹkáníìkì ju kẹ́ ẹ kàn sọ pé "ọkọ̀ mi ń gbọ̀n" lọ.

Ìkíní, ṣé àárọ̀ nìkan ló ń gbọ̀n, àbí nígbà tó gbóná náà? Èyí tó ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà àti èyí tó ń gbọ̀n láàárọ̀ nìkan kì í sábà ní ìdí kan náà.

Ìkejì, ìṣẹ́jú mélòó ló ń lò kí ara rẹ̀ tó balẹ̀? Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú 3.

Ìkẹta, irú èéfín wo ló ń jáde ní sálẹ́ńsà?

Ìkẹrin, ṣé iná ẹ́ńjìnì tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tàn? Ṣé ó dúró, àbí ó ń ṣẹ́jú?

Ìkarùn-ún, ṣé ẹ ra epo lánàá? Níbo lẹ ti rà á?

Ìkẹfà, ṣé ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ náà láìpẹ́ yìí? Bí wọ́n bá yọ bátìrì, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mìíràn máa ń gbàgbé ohun tó ti kọ́ nípa bí ẹ́ńjìnì ṣe ń sinmi, ó sì lè gbọ̀n díẹ̀ fún ìgbà kúkúrú kó tó tún un kọ́.

Ẹ tún wo abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí abẹ́rẹ́ náà bá dúró ṣinṣin, tí ìró sálẹ́ńsà náà sì ń lọ déédéé, ṣùgbọ́n tí ara ọkọ̀ ń gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kí ẹ́ńjìnì má ní àìsàn kankan. Rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, tí wọ́n ń pè ní engine seat ní Nàìjíríà, ló lè ti já. Bí abẹ́rẹ́ bá ń jó sókè sódò, inú ẹ́ńjìnì ni kẹ́ ẹ wò.

Kí ni àwọ̀ èéfín ń sọ?

Omi díẹ̀ tó ń kán ní ẹnu sálẹ́ńsà láàárọ̀, àti èéfín funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń pòórá láìpẹ́, kì í ṣe àìsàn.

Èéfín dúdú tó ń rùn bí bẹtiróòlù ń sọ pé epo pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ pé nọ́súlù tó ń fín epo ń jò lóru, tàbí pé sẹ́ńsọ̀ kan ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà.

Èéfín tó dà bí àwọ̀ búlúù, tó tú jáde nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná tó sì lọ, ń sọ pé ọ́ìlì ń jó. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì lọ́wọ́ ní orí ẹ́ńjìnì ti gbó, ọ́ìlì sì ń kán wọlé lóru.

Èéfín funfun tó nípọn, tí kò tètè lọ, pẹ̀lú omi rédíétọ̀ tó ń dínkù láìjẹ́ pé ó ń jò sílẹ̀, ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ó lè jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì, tí wọ́n ń pè ní top gasket ní Èkó àti joint de culasse ní Abidjan àti Cotonou, ti fọ́. Omi á máa yọ́ wọ inú sìlíńdà lóru, ìyẹn ló fi ń gbọ̀n láàárọ̀ títí tí omi náà á fi jó tán. Bí ẹ bá fẹ́ wo omi, ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá nìkan ni kẹ́ ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀. Omi gbígbóná tó bá tú jáde lè bó èèyàn lójú.

Kóòdù kì í ṣe orúkọ ohun tí ẹ fẹ́ rà

Láti ọdún 1996 ní Amẹ́ríkà, àti láti ọdún 2001 fún ọkọ̀ bẹtiróòlù tuntun ní Yúróòpù, òfin ti sọ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú ihò tí wọ́n lè ki ẹ̀rọ sìkánà bọ̀. Abẹ́ sítíárì ló sábà máa ń wà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń rìn ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló ní i.

Bí kọ̀ǹpútà bá rí i pé sìlíńdà kan kò jó dáadáa, ó máa ń kọ kóòdù sílẹ̀. P0301 túmọ̀ sí sìlíńdà kìíní, P0302 jẹ́ ìkejì, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. P0300 ń sọ pé kì í ṣe sìlíńdà kan ṣoṣo. P0171 ń sọ pé atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ. P0505 ń tọ́ka sí ètò tó ń darí ẹ́ńjìnì nígbà tó bá ń sinmi, ìyẹn ohun tí wọ́n ń pè ní slow ní Nàìjíríà àti ralenti ní Côte d'Ivoire.

Ṣùgbọ́n kóòdù ń sọ ibi tí ó ti ń dunni ni, kò sọ ohun tó ń fa ìrora náà. P0171 kò sọ pé kẹ́ ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀ tuntun. Ó lè jẹ́ pé rọ́bà atẹ́gùn tí kò wọ́n rárá ló ya.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í wò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń kọ kóòdù sílẹ̀, ó tún máa ń tọ́jú àwòrán bí ẹ́ńjìnì ṣe wà lásìkò náà, tí wọ́n ń pè ní freeze frame. Bí ó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ooru ẹ́ńjìnì jẹ́ ìwọ̀n 27 nígbà tí àbùkù náà ṣẹlẹ̀, ẹ̀rí nìyẹn pé àárọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ bátìrì tàbí pa kóòdù rẹ́ kí wọ́n tó ka ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rí ni wọ́n ń nù nù yẹn.

Àyẹ̀wò 3 tí kò ná yín lówó

Àkọ́kọ́ jẹ́ ti epo. Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó ṣíná, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2 tàbí 3, kẹ́ ẹ pa á. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ tó wá ṣíná gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, èyí máa ń jẹ́ kí fúẹ̀lì pọ́ǹpù ti epo wá síwájú. Bí ọkọ̀ kò bá gbọ̀n lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé agbára epo ń sá padà lóru, láti ara pọ́ǹpù tàbí nọ́súlù tó ń jò.

Ìkejì jẹ́ ti kọ́ìlì. Bí sìkánà bá sọ pé P0302, kí mẹkáníìkì pa ẹ́ńjìnì, kó gbé kọ́ìlì sìlíńdà kejì sórí ìkẹta, kó gbé ti ìkẹta sórí ìkejì. Bí kóòdù bá di P0303 ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kọ́ìlì náà ló bàjẹ́. Bí ó bá ṣì jẹ́ P0302, kọ́ìlì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó ra nǹkan kan.

Ìkẹta jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ ooru. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti sùn mọ́jú, ẹ fi sìkánà wo ooru omi ẹ́ńjìnì àti ooru atẹ́gùn tó ń wọlé. Ó yẹ kí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bíi 25 sí 26. Bí atẹ́gùn bá ń sọ 25, tí omi ń sọ 80 tàbí ìwọ̀n 40 ní ìsàlẹ̀ òdo, irọ́ ni sẹ́ńsọ̀ náà ń pa, tàbí kó jẹ́ pé wáyà rẹ̀ ti já. Kọ̀ǹpútà á máa fún ẹ́ńjìnì tútù ní epo ti ẹ́ńjìnì gbígbóná, tàbí kó fi epo rì í.

Àwọn ohun tó sábà máa ń fà á

Pọ́lọ́ọ̀gì: Èyí tí wọ́n ń pè ní bougie ní Abidjan, Cotonou àti Lomé. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti jẹ tí àlàfo rẹ̀ sì ti fẹ̀, iná rẹ̀ kì í lágbára tó láti tan epo nínú ẹ́ńjìnì tó tutù. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, kẹ́ ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà. Èyí tó dúdú, tó tutù fún epo, tàbí tó ní ọ́ìlì lára, ń sọ ìtàn sìlíńdà tirẹ̀. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, nítorí náà ẹ fi nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín rà á.

Atẹ́gùn tó ń jò wọlé: Rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín àlẹ̀mọ́ atẹ́gùn àti ẹ́ńjìnì máa ń le, á sì sún kì nígbà tó bá tutù. Atẹ́gùn tí kọ̀ǹpútà kò kà á gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tó bá gbóná, á tún fẹ̀, á sì dí ihò náà. Ẹ lè gbọ́ ìró bíi "ṣíìì". Ọ̀nà tó dára láti wá a ni ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín sínú ọ̀pá atẹ́gùn, ibi tí èéfín bá ti yọ ni ihò wà. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni máa fọ́n bẹtiróòlù sórí ẹ́ńjìnì láti wá a. Iná lè ṣẹ́ yọ.

Ìdọ̀tí ní ilẹ̀kùn atẹ́gùn: Ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń tì ní ẹnu ẹ́ńjìnì, tí wọ́n ń pè ní throttle body ní Èkó àti papillon ní Abidjan, máa ń kún fún èérí dúdú. Àlàfo kékeré tó yẹ kí atẹ́gùn gbà nígbà tí ẹ kò tẹ tọ́tù á wá dí. Omi ìfọ̀ tí wọ́n ṣe fún un àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń fi iná ṣiṣẹ́, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ má sì fi agídí tì í. Ọkọ̀ mìíràn yóò nílò kí wọ́n fi sìkánà tún un kọ́ lẹ́yìn ìfọ̀ náà.

Èérí lórí fáàfù: Ọkọ̀ ìgbàlódé kan ń fín epo tààrà sínú sìlíńdà, epo kì í sì í fọ ẹ̀yìn fáàfù mọ́. Èérí á wá dì síbẹ̀ bí èédú. Láàárọ̀, á máa fa epo mu bí kànrìnkàn. Oògùn tí ẹ dà sínú táǹkì kò lè dé ibẹ̀, ṣíṣí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí i fọ̀.

Epo tí kò dára: Omi wúwo ju bẹtiróòlù lọ. Bí ọkọ̀ bá dúró mọ́jú, omi á lọ sísàlẹ̀ táǹkì, níbi tí pọ́ǹpù ti ń fa epo. Òun ni yóò kọ́kọ́ dé ẹ́ńjìnì láàárọ̀. Ẹni tó ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì, bíi kpayo lẹ́bàá títì ní Benin, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, pàápàá lásìkò òjò. Kò sì yọ ilé epo sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àjọ NMDPRA tó ń mójú tó epo ní Nàìjíríà kéde pé wọ́n rí bẹtiróòlù tí èròjà methanol inú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà. Bí gbígbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ ra epo, epo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Bí pọ́lọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti nọ́súlù sìlíńdà kan bá dára, síbẹ̀ tí kò jó, kí wọ́n wọn agbára tí sìlíńdà náà fi ń tẹ atẹ́gùn, èyí tí wọ́n ń pè ní compression, kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ di ṣíṣí.

Gbàkà tó ń lo dísù ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ gbàkà àti ọkọ̀ akẹ́rù ló ń lo dísù. Ẹ́ńjìnì dísù kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń tan iná. Ooru atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnì tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń tan epo. Ọ̀pọ̀ wọn ní irin kékeré tó ń gbóná kí wọ́n tó ṣíná, tí wọ́n ń pè ní bougie de préchauffage. Bí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá ti jó, sìlíńdà yẹn lè má tètè jó, á sì máa tú èéfín funfun tó ń ta èèyàn lójú. Mítà iná lásán ti tó láti fi yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò.

Ohun mìíràn ni atẹ́gùn tó bá wọ inú ọ̀pá dísù lóru, nítorí páìpù tó gbó tàbí ojú àlẹ̀mọ́ epo tí kò fún dáadáa. Bí páìpù bá jẹ́ èyí tí a lè rí inú rẹ̀, ẹ wò ó láàárọ̀ bóyá ìfófòó wà níbẹ̀. Ẹ tún da omi tó wà nísàlẹ̀ àlẹ̀mọ́ dísù nù.

Kí ló kan ọkọ̀ àlòkù?

Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé sọ nínú ìròyìn kan lóṣù Kẹwàá ọdún 2020 pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, ọkọ̀ kéékèèké àlòkù mílíọ̀nù 14 ni Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan kó ránṣẹ́ sí òkè òkun, tí Áfíríkà ló sì gbà jù lọ nínú wọn. Lọ́dún yẹn kan náà, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò ọkọ̀ ní Netherlands sọ pé púpọ̀ nínú èyí tó ń ti ibẹ̀ wá sí Áfíríkà kò ní ìwé ẹ̀rí ìrìnnà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, àti pé wọ́n ti yọ ẹ̀yà tó ń fọ èéfín kúrò lára àwọn kan.

Côte d'Ivoire ti fi òfin dín ọjọ́ orí ọkọ̀ àlòkù tó lè wọlé kù láti ọdún 2018. Ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ọdún 5 lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ń rìn, ẹ̀yà àlòkù láti casse ní Abidjan tàbí ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, Èkó, ni wọ́n sì fi ń tún púpọ̀ nínú wọn ṣe. Àlòkù kò burú. Àmọ́ bí ẹ bá fi sẹ́ńsọ̀ àlòkù rọ́pò sẹ́ńsọ̀ tó bàjẹ́, tí ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n, ẹ kò lè mọ̀ bóyá àìsàn ibòmíràn ni tàbí èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà náà ti kú. Ìdí mìíràn nìyí tó fi yẹ kí àyẹ̀wò ṣáájú rírà.

Ṣé mo lè fi sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ara rẹ̀ ń balẹ̀?

Rárá. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Epo tí kò jó nínú sìlíńdà á kọjá lọ sínú sálẹ́ńsà, á sì máa jó nínú ẹ̀yà tó ń fọ èéfín, èyí tó wọ́n gan-an ju pọ́lọ́ọ̀gì lọ. Bí iná ẹ́ńjìnì bá ń ṣẹ́jú, ìkìlọ̀ pé ẹ̀yà yìí ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ rọra wakọ̀ kúrò lójú títì, kẹ́ ẹ pa á. Epo náà tún lè fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sìlíńdà, kí irin máa ha irin.

Ewu mìíràn tó ju ti ọkọ̀ lọ wà. Ẹ má ṣe ṣíná sí ọkọ̀ nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, pé ẹ fẹ́ jẹ́ kó gbóná. Afẹ́fẹ́ carbon monoxide inú èéfín kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani. Ọkọ̀ tí kò jo epo dáadáa máa ń tú púpọ̀ sí i jáde. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí a sọ yìí.

Bí ẹ ṣe lè bá mẹkáníìkì ṣiṣẹ́

Ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kó sùn síbẹ̀, kó lè fúnra rẹ̀ ṣíná sí i láàárọ̀ pẹ̀lú sìkánà lọ́wọ́. Fún awakọ̀ tí kò fẹ́ pàdánù iṣẹ́ òòjọ́, oru kan yìí sàn ju ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n á fi máa pààrọ̀ nǹkan lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi fóònù ya fídíò ìṣẹ́jú 3 àkọ́kọ́: ìró ẹ́ńjìnì, abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àti ẹnu sálẹ́ńsà.

Kó tó ra ohunkóhun, ẹ bi í ní ìbéèrè 3: Kí lẹ rí? Àyẹ̀wò wo ló fi hàn yín? Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀ tí kò lọ, kí ló kàn? Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹ pààrọ̀ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ gba ti àtijọ́ padà, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú kẹ́ ẹ tó gbà pé ó ti san.

Ọkọ̀ tó dákẹ́ lọ́sàn-án lẹ́yìn àtúnṣe kò tíì jẹ́rìí kankan, torí pé ó ti máa ń dákẹ́ lọ́sàn-án tẹ́lẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kẹ́ ẹ tó san ìyókù owó iṣẹ́.